Bí Ìtọ̀ Ọmọ Akọrin Ṣe Dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà

Ní Tecumseh, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan lọ́dún 1998 pé ọmọ tó bá fẹ́ kọrin nílé-ìwé gíramà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà láti tọ̀ sínú ike. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó fẹ́ fun fèrè nínú bándì, ọmọ tó fẹ́ bá wọn lọ sí ìdíje ìbéèrè-àti-ìdáhùn, àti ọmọ tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ọ̀la, àwọn tó ń sin màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ọmọ ọ̀hún ti ṣe ohun tó fa ìfura. Ó lè máa gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo sáà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbúròó aburú kan nípa rẹ̀ rí. Bí kèké bá ti mú orúkọ rẹ̀, wọ́n á pè é jáde ní kíláàsì, olùkọ́ á mú un lọ sí ilé ìtọ̀, ọmọ á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, olùkọ́ á sì dúró síta, á máa tẹ́tí gbọ́ bóyá ìró tó ń jáde jọ ti ẹni tó ń tọ̀ lóòótọ́. Bó bá ṣe tán, olùkọ́ á da ìtọ̀ náà sínú ìgò méjì, á lẹ̀ wọ́n pa, ó di ilé àyẹ̀wò.

Lindsay Earls wà lára àwọn tí wọ́n pè jáde. Akọrin ni, ó wà nínú bándì, ó wà nínú ẹgbẹ́ ìdíje ìmọ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù sí. Ó tọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò bá nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó padà sí kíláàsì rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú bí Earls. Ó rí i bí ìtìjú, kò sì rí ohun tó kan ilé-ìwé nínú ìtọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn. Lọ́dún 1999, òun àti ọmọkùnrin kan, pẹ̀lú àwọn òbí wọn, gbé ilé-ìwé lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ilé-ìwé láre, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn ọmọ láre, nígbà tó sì di oṣù Kẹta ọdún 2002, ẹjọ́ náà ti dé iwájú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Earls ti jáde nílé-ìwé gíramà nígbà náà, ó ti ń kàwé ní Dartmouth College.

Òfin tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà kà ti pẹ́. Láti ọdún 1791 ni Àtúnṣe Kẹrin sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ tú ara, ilé, ìwé tàbí ẹrù aráàlú wò láìnídìí. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ wọ ilé onílé, àfi kó kọ́kọ́ lọ bá adájọ́, kó sọ ohun tó mú un fura, kí adájọ́ tó kọ ìwé àṣẹ fún un. Lójú àwọn ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà, gbígba ìtọ̀ èèyàn láti yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ọ̀nà kan láti tú ara rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba sì rèé, apá kan ìjọba ni. Ohun tó wá kù láti mọ̀ ni bóyá ẹ̀tọ́ tí bàbá ní, ọmọ rẹ̀ náà ní in bó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ń dáhùn ìbéèrè yìí díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1969 wọ́n ní ọmọ kì í bọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Lọ́dún 1985, nínú ẹjọ́ ọmọbìnrin kan ní New Jersey tí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kan tú báàgì rẹ̀ nítorí sìgá, wọ́n ní olùkọ́ kò nílò ìwé àṣẹ, kó ṣáà ti ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura. Ìfura ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ẹni tó bá wọn yọ ọ́ kúrò ni adájọ́ Antonin Scalia, ọdún 1995 ló yọ ọ́, ẹjọ́ Vernonia ló sì fi yọ ọ́.

Ìlú àwọn agégẹdú ni Vernonia, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Bí ọdún 1980 sí 1989 ṣe ń lọ sópin, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ń fi oògùn olóró fọ́nnu, ìwà pálapàla ń pọ̀ sí i nínú kíláàsì, àwọn eléré ìdárayá tí àwọn tó kù ń wò bí àwòkọ́ṣe ló sì wà níwájú. Ilé-ìwé ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n pe àwọn tó mọ̀ nípa oògùn wá sọ̀rọ̀, wọ́n tiẹ̀ mú ajá tó ń gbóòórùn oògùn wá, pàbó ló já sí. Ní 1989 ni wọ́n wá ṣòfin pé gbogbo eléré ìdárayá ni yóò tọ̀ níbẹ̀rẹ̀ sáà eré rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fa ìdá kan nínú mẹ́wàá orúkọ wọn jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. James Acton, ọmọdé kan tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí ìwé náà, bàbá àti ìyá rẹ̀ náà kò sì fọwọ́ sí i. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án dá ilé-ìwé láre. Scalia ní àwọn eléré kò ní ìkọ̀kọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé yàrá kan náà ni gbogbo wọn ti ń bọ́ṣọ tí wọ́n ti ń wẹ̀. Ó ní ẹni tó lo oògùn tó wá bọ́ sórí pápá lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Ó sì ní ìṣòro náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ayé rí i, àwọn eléré gan-an ló sì ń ṣáájú rẹ̀.

Kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Tecumseh nínú àwọn ìdí mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ilé-ìwé náà kó wá sí kóòtù. Àwọn olùkọ́ kan jẹ́rìí pé àwọn rí ọmọ tó jọ pé oògùn wà lójú rẹ̀, àti pé àwọn gbọ́ tí àwọn ọmọ ń fi oògùn tàkúrọ̀sọ. Ajá gbóòórùn àwọn sìgá igbó kan nítòsí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọlọ́pàá rí oògùn tàbí ohun èlò rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ọ̀la kan ń wà. Ẹ̀rí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju báyìí lọ. (Ilé-ìwé gíramà wo ló wà láyé tí wọn kò ní rí sìgá igbó kan he lẹ́bàá ọgbà rẹ̀?) Láàárín àkókò kan náà, ìròyìn tí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé yìí kan náà ń kọ sí ìjọba àpapọ̀ ń sọ pé, yàtọ̀ sí ọtí àti sìgá, oògùn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò tíì di ìṣòro ńlá. Ọtí àti sìgá ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, oògùn ni wọ́n wá ń wá kiri nínú ìtọ̀ akọrin.

Síbẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2002, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá ilé-ìwé láre. Clarence Thomas ló kọ ìdájọ́ náà. Lójú tirẹ̀, kò dìgbà tí oògùn bá gba ilé-ìwé kan kí àwọn aláṣẹ tó dìde sí i. Akọrin náà ń rìnrìn àjò, àwọn náà ń pààrọ̀ aṣọ pa pọ̀, ewu oògùn sì kan gbogbo ọmọ, yálà ó ń sá eré ìje tàbí ó ń kọrin. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ọlọ́pàá kò ní rí àbájáde àyẹ̀wò, àti pé ìyà tó wà níbẹ̀ kò ju yíyọ ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́. Òótọ́ ni èyí. Ẹni tí àyẹ̀wò bá kọ́kọ́ mú, wọ́n á pe àwọn òbí rẹ̀. Bó bá fi hàn láàárín ọjọ́ márùn-ún pé òun ti ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ onímọ̀, tó sì tún tọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó di ọjọ́ 14 níta, ìmọ̀ràn wákàtí mẹ́rin, àti àyẹ̀wò lóṣooṣù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló tó lé e jáde títí ọdún ẹ̀kọ́ á fi parí, tàbí fún ọjọ́ ẹ̀kọ́ 88, èyí tó bá gùn jù. Kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí pàṣán. Mo ti rí ilé-ìwé tó fi ìyà tó ju èyí lọ jẹ ọmọ nítorí irun orí.

Ọ̀rọ̀ Thomas á wọ ọ̀pọ̀ Yorùbá létí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́; olùkọ́ sì ni òbí kejì. Òbí wo ló ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kó tó tú àpò ọmọ rẹ̀? Mo gbà pé bí wọ́n bá ní kí àwọn òbí ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta dìbò lórí irú òfin yìí lọ́la, wọ́n á gbè é lẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ń tú àpò ọmọ ti rí nǹkan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ojú ọmọ ti pọ́n, owó ti sọnù lórí tábìlì, ọ̀rẹ́ tuntun kan ti ń wá kí i lóru. Ìyálé ilé tó bímọ mẹ́rin kì í ṣẹ́ kèké láàárín wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó mọ èyí tí òun yóò pè sí kọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò oníkèké kì í ṣe iṣẹ́ òbí. Ẹni tí kò mọ ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣẹ́ kèké.

Ruth Bader Ginsburg wà lára àwọn mẹ́fà tó gbè sẹ́yìn ilé-ìwé Vernonia lọ́dún 1995. Nígbà tó kan Tecumseh, ó kúrò lẹ́yìn wọn, òun ló sì kọ èrò àwọn adájọ́ mẹ́rin tó takò. Obìnrin náà kì í sábà ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ìdájọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é lọ́jọ́ yẹn: ó ní ká tilẹ̀ fojú inú wo ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tí wọ́n ń fò káàkiri, ẹran ọ̀sìn tí wọ́n já okùn, fèrè ńlá méjì tí wọ́n kọlu ara wọn, kí àlàáfíà Tecumseh sì dàrú, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe kò ní ewu kankan tó yàtọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín ló wá fọwọ́ kan ojú egbò. Àwọn ọmọ tó ń wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni oògùn jìnnà sí jù láàárín akẹgbẹ́ wọn. Ìlànà tó bá wá dojú kọ àwọn yẹn, tó fi àwọn tó kù sílẹ̀, ti dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀.

Ibí yìí ni èmi náà dúró sí, ó sì yẹ ká gbé e yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ó ju ọ̀rọ̀ òfin lọ. Ẹ wo bí ọ̀sán ṣe máa ń rí nílé-ìwé gíramà Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, agogo á lù, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè á ti tò síta. Ọmọ tó wà nínú bándì kò ní wọ̀ ọ́. Ó di aago márùn-ún kó tó kúrò níbẹ̀, olùkọ́ kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo wákàtí yẹn tó mọ orúkọ rẹ̀, tó mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tó lè bi í pé kí ló ṣe ọ́ lónìí. Ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan á wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ìyá wà níbi iṣẹ́, bàbá wà níbi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ. Nínú àwọn ọmọ méjèèjì yìí, èyí tó ní ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gba ìtọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yọ ọmọ kejì lẹ́nu. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́dẹ bá ń yẹ báàgì àwọn tó wá kírun ní mọ́sálásí wò, nígbà tí ọjà tí wọ́n ti ń jalè wà lódìkejì títì.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tó ti fa igbó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́, tí olùkọ́ orin wá ń rọ̀ pé kó wá wọ bándì, nítorí ó rí i pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn. Wọ́n fún un ní ìwé àyẹ̀wò kó mú un lọ sílé. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un: kó fi igbó sílẹ̀ nítorí bándì, tàbí kó fi bándì sílẹ̀ nítorí igbó. Òfin kò sọ pé kó wọ bándì dandan. Bó bá dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ìdí, bọ́ọ̀sì aago mẹ́ta á sì gbé e lọ sílé bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ṣòfin gan-an ni òfin ṣí ilẹ̀kùn fún láti jáde.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn àyẹ̀wò kò ṣàìní àlàyé tiwọn. Stephen Breyer, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ márùn-ún, kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì rò pé tirẹ̀ mọ́yán lórí ju ti Thomas lọ. Ó ní oògùn kì í sábà wọlé tọ ọmọ lọ́nà mìíràn ju ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, àyẹ̀wò sì ń fún ọmọ ní ohun tí yóò fi kọ̀ láìjẹ́ pé ó bu ẹnikẹ́ni kù: wọ́n lè mú orúkọ mi lọ́la, mi ò ní lè bá yín fà á. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún rí mọ̀ pé àwáwí gidi wúlò fún un ju ìwàásù wákàtí kan lọ. Breyer tún ní ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á láyè lè yẹra fún ẹgbẹ́, ìyẹn kò sì le tó lílé ọmọ kúrò nílé-ìwé. Mi ò bá a lọ níbẹ̀. Yunifásítì tó dáa ní Amẹ́ríkà kì í wo máàkì nìkan; wọ́n á bi ọ́ ní ohun tí o ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ tí o wà, ohun tí o darí. Ọmọ tí kò wọ ẹgbẹ́ kankan ti fi nǹkan sílẹ̀.

Ó ha ṣiṣẹ́ bí? Ìjọba George W. Bush gbà pé ó ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá orílẹ̀-èdè sọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, ààrẹ náà ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù 23 dọ́là kún owó fún àwọn ilé-ìwé tó bá fẹ́ máa ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tó máa fi sọ bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Michigan ti gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2003 lórí ilé-ìwé tó lé ní 700 àti akẹ́kọ̀ọ́ bí 76,000. Wọn kò rí ìyàtọ̀ nínú lílo oògùn láàárín ilé-ìwé tó ń ṣe àyẹ̀wò àti èyí tí kì í ṣe é. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà náà wá ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó jáde lọ́dún 2010, èyí ni mo gbà gbọ́ jù nítorí bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀: ilé-ìwé gíramà 36, wọ́n fi ìbò pín wọn sí méjì, apá kan bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, apá kejì dúró ná. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ àyẹ̀wò ló sọ pé àwọn lo oògùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá. Níbi tí kò sí àyẹ̀wò, ìdá 22 ni. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Breyer lè fi ọwọ́ sọ àyà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n béèrè bóyá wọ́n rò pé àwọn á lo oògùn lọ́jọ́ iwájú, ìdá 34 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni níbi tí àyẹ̀wò wà, ìdá 33 níbi tí kò sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, àyẹ̀wò náà kò yí nǹkan kan padà lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tó ń retí pé kí sáà eré parí ni ìṣirò yìí jọ lójú tèmi. Nígbà tó di ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò fara mọ́ ọn kí wọ́n tan àyẹ̀wò yìí káàkiri ilé-ìwé, nítorí ẹ̀rí kò tó.

Ìtọ̀ fúnra rẹ̀ tún ní ìwà tirẹ̀ tí àwọn tó ń ṣòfin kì í sábà rò. Ohun tó wà nínú igbó máa ń wọnú ọ̀rá ara, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lára ẹni tó ń fà á déédéé. Kokéènì kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Wákàtí díẹ̀ ti tó fún ọtí. Ọmọ tó mutí yó bìnàkò ní alẹ́ Sátidé á tọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìgò lè jáde ní mímọ́; ẹni tó ń fa igbó léraléra nígbà ìsinmi lè wọ gàù nígbà tí kò rántí ọjọ́ tó fà á kẹ́yìn mọ́. Ọmọ tó gbọ́n, tó sì fẹ́ ṣe tinú rẹ̀, á mọ èyí tí òun yóò sá fún àti èyí tí òun yóò gbé mu, bẹ́ẹ̀ ọtí ló wà nínú ọ̀pọ̀ jàǹbá ọkọ̀ tó ń pa àwọn ọ̀dọ́. Ilé àyẹ̀wò kò jẹ̀bi. Nínú ẹjọ́ Vernonia, wọ́n ní iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò náà péye dé ìdá 99.94 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé àyẹ̀wò ń dáhùn ohun tí a bi í, kò sì mọ ohun tó yẹ ká bi í.

Ọ̀rọ̀ àwọn oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ náà wà ńbẹ̀. Kí àyẹ̀wò má bàa fẹ̀sùn èké kan ọmọ, wọ́n máa ń ní kó kọ oògùn tó ń lò sílẹ̀: oògùn ìbànújẹ́ ọkàn, oògùn wárápá, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Ní Tecumseh, àwọn olùpẹ̀jọ́ sọ pé olùkọ́ orin ka ìwé àwọn ọmọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ mìíràn ti lè rí wọn. Thomas dá a lóhùn pé àìṣọ́ra ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti dá gbogbo ìlànà nù. Bóyá kò tó lójú òfin. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin mọ oògùn tó ń lò, ta ni yóò bá a kó ọ̀rọ̀ náà padà?

Ìdájọ́ 2002 kò pa á láṣẹ fún ilé-ìwé kankan láti ṣe àyẹ̀wò. Ó kàn ní wọ́n lè ṣe é ni, bí òfin ìpínlẹ̀ wọn bá gbà. Ìpínlẹ̀ Washington kò gbà: lọ́dún 2008, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ fi ìwé òfin tiwọn fagi lé àyẹ̀wò oníkèké tí ilé-ìwé kan ń ṣe fún àwọn eléré ìdárayá. Texas gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2007 ni wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa yẹ àwọn eléré ilé-ìwé gíramà wò nítorí sítẹ́rọ́ìdì, èyí tí àwọn kan ń lò láti fi di alágbára. Wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, wọ́n gba ìtọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lọ́pọ̀ yanturu, ìwọ̀nba táńtán ni wọ́n rí mú. Nígbà tó di 2015, wọ́n pa á tì. Àwọn alátìlẹ́yìn ní ìbẹ̀rù àyẹ̀wò ló mú kí àwọn ọmọ sá fún un. Àwọn alátakò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé àwọn tó ń lò ó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹnikẹ́ni kò lè sọ èwo nínú wọn ló jàre.

Lónìí, àgbègbè ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Houston tàbí ní àyíká Atlanta lè bá ìwé náà pàdé ní oṣù Kẹjọ, láàárín ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé owó aṣọ bándì. Púpọ̀ nínú wọn á fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí ọmọ wọn kì í lo nǹkan kan. Èmi á ní kí wọ́n kà á. Kí wọ́n wo orúkọ oògùn tí wọ́n ń wá, ẹni tí àbájáde ń lọ bá, bí yóò ti pẹ́ tó nínú fáìlì, àti bóyá ilé-ìwé yóò tún ìtọ̀ kan náà yẹ̀ wò ní ọ̀nà tó jinlẹ̀ jù kó tó pe ọmọ ní olóògùn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìwádìí ọdún 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí fi hàn pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3, láti ẹni ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láì ka ọtí àti sìgá. Ilẹ̀ Yorùbá ló ṣíwájú gbogbo ẹkùn tó kù, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2025, ọ̀gá àgbà NDLEA (àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró), Buba Marwa, àti mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, jọ sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò oògùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa oògùn nínú iṣẹ́ ilé-ìwé gíramà. Mi ò bá wọn jà lórí ẹ̀kọ́. Lórí àyẹ̀wò, wọ́n sàn ju Tecumseh lọ ní apá kan: wọn kò ní yọ akọrin sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ike àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, oògùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá jà ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún. Apá tó ń wá ọ̀wọ́ mọ́fíìnì nínú ike bẹ́ẹ̀ kì í rí tírámádọ̀ọ̀lù; àfi kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ṣe fún tírámádọ̀ọ̀lù gan-an. Kòlórádò tí àwọn ọmọ ìgboro ń fà, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, kì í jáde níbi tí igbó ti ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé tírámádọ̀ọ̀lù mì ní àárọ̀ lè tọ̀ sínú irú ike bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.